Ohùn Yín Lẹ́nu Àbúrò Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, n kò sì kọ̀wé sí yín rí. Màámi ní kí n máa dúpẹ́. Mò ń dúpẹ́ o. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan, kò sì sí ẹlòmíì tí mo lè bi.

Rílíwánù àbígbẹ̀yìn yín já bọ́ láti orí òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Yaba. Iṣẹ́ sólà ló ń ṣe báyìí. Páànù tó tẹ̀ ti dípẹtà, ló bá jìn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìrẹsì ni mò ń jẹ níbi iṣẹ́ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ pè mí. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ọkùnrin náà sọ, mo tún bu ṣíbí kan, mo jẹ ẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára. Títí di òní n kò mọ ìdí tí mo fi jẹ ṣíbí yẹn.

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà, mo kọjá lára bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò dá a mọ̀. Orí rẹ̀ wú, itan rẹ̀ ọ̀tún ṣẹ́. Dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ ló wú, àfi kí a máa wò ó. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko, Bàbá mi, kò dáhùn, kò mira.

Màámi ò sọ tẹ̀sùbáà sílẹ̀. Èmi ńkọ́? Kí n má purọ́ fún yín. Láti ìgbà tí ẹ ti kú, torí kí Màámi lè rí mi ni mo ṣe ń tẹ́ ẹní ìrun. Mo lanu lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rílíwánù láti ṣàdúà, kò ju Bísímílà lọ tó jáde. Àlùwàlá yín ni mò ń rántí, bí ẹ ṣe máa ń fọ etí yín ní àfọ̀túnfọ̀, tí ẹ ó wá da ìyókù omi inú búútà sí mi lórí, tí n ó sì sá lọ. Mo jókòó, mò ń sunkún nítorí omi búútà.

Lọ́jọ́ kẹfà, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ẹnì kan wọlé pẹ̀lú sùtánà funfun ìjọ aláṣọ funfun àti ẹsẹ̀ lásán. Bàbá Ṣómólú ni, àbúrò yín.

Mo mọ ohun tí ẹ sọ. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ fídáù Ìyá Àgbà, tí wọ́n wọ sùtánà yẹn wá, tí ẹ lé wọn jáde lójú gbogbo èèyàn, tí ẹ ní wọn ò gbọdọ̀ tẹ ilé yín mọ́ láyé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Láti ìgbà yẹn, bí a bá rí wọn lójú títì, a máa ń sọdá ni. Lọ́jọ́ tí a sin yín, ẹ̀yìn géètì itẹ́ òkú ni wọ́n dúró sí.

Mo dìde láti ní kí wọ́n máa lọ. Màámi di ọwọ́ mi mú.

“Jókòó. Ọmọ wọn náà ni.”

Bàbá Ṣómólú kúnlẹ̀. Mo ti ń retí ariwo. Wọn ò pariwo. Wọ́n gbé ẹnu sétí Rílíwánù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké Fátíhà. Fátíhà, Bàbá mi, pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn! Ohùn yín ló sì ń jáde. Bí ẹ ṣe máa ń fa ìparí ìlà gùn, bí ẹ ṣe máa ń mí sínú lójijì bí ẹni tí omi tútù kàn, gbogbo ẹ̀ pátá. Mo yíjú sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wá yín.

Ètè Rílíwánù ń mì. Ó ń bá wọn kà á. Nígbà tí wọ́n parí, ó ní, “Bàbá.”

Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Dókítà ní wíwú ọpọlọ náà ti ń lọ sílẹ̀ láti àná, pé ó ti tó àkókò tó máa jí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni Rílíwánù pè, Bàbá mi? Ṣé ẹ̀yin lẹ rán wọn ni? Ṣé ẹ gbọ́ ọ?

Mo bi Bàbá Ṣómólú bóyá wọ́n ṣì ń kéwú.

“Bọ̀ọ̀dá mi ló kọ́ mi ní Ìjẹ̀bú,” ni wọ́n wí. “Bí mo bá ṣì í kà, wọ́n á kó mi ní ìkó lórí. Ohùn wo ni n bá fi kà á tí kì í bá ṣe tiwọn?”

Oṣù márùn-ún nìyí. Irin wà nínú itan rẹ̀, ọ̀pá abíyá ló fi ń rìn. Nígbà míì orúkọ nǹkan á sọnù mọ́ ọn lẹ́nu, inú á sì bí i. Kò rántí pé òun pe Bàbá. Èmi náà ti ń kírun, kì í ṣe gbogbo ìgbà.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, Bàbá Ṣómólú sìn ín wá sí ilé yín ní Mushin. Rílíwánù wọlé, àwọn fúnra wọn dúró lórí afárá gọ́tà. Òjò ń ṣẹ́. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀.

“Bọ̀ọ̀dá mi ò tíì ní kí n wọlé.”

Ẹnu mi yá jù mí lọ. Mo ní ẹ wá bá mi lójú àlá, pé ẹ ní kí n mú wọn wọlé. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n fi etí sùtánà nu àtẹ́lẹsẹ̀ wọn méjèèjì, wọ́n sì wọlé.

Irọ́ ni mo pa, Bàbá mi. Ẹ ò wá sójú àlá mi rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ irọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó ṣì ń fojú sọ́nà fún yín.