Etí Bàbá àti Ẹ̀rọ Rẹ́kọ́dù Wa

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ilé-Omi.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ń wúkọ́ nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn? Mo nírètí pé ara rẹ̀ ti yá. Dáadáa ni àwa náà wà, ara Bàbá sì le. Àwọn gan-an ni wọ́n ní kí n kọ̀wé yìí. Wọ́n ní tó bá jẹ́ orí fóònù ni, ẹ ò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ parí.

Ẹ rántí pé ẹ̀rọ tí Bàbá fi ń gbọ́ rẹ́kọ́dù ṣàdédé dákẹ́. Ẹ ní kí a gbé e jù nù, ẹ sì fi kékeré tuntun ránṣẹ́. Bàbá dúpẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ohun tí wọn ò sọ fún yín ni pé kinní ọ̀hún ń kọrin bí ẹni tó di imú mú. Wọ́n ní kí n dá a padà sínú páálí rẹ̀. Láti ìgbà tí ojú wọn ti fọ́, rẹ́kọ́dù wọ̀nyẹn ni wọ́n fi ń ya àárọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí kò sí orin mọ́, wọ́n á kàn jókòó, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí mo bá gbé oúnjẹ dé, wọ́n á ní kí n gbé e sílẹ̀.

Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa. Kò tilẹ̀ tú u wò. Ó ní kò sẹ́ni tó ń tún irú rẹ̀ ṣe mọ́. Ẹnì kejì gbà á, ó sì fi “ẹ padà wá lọ́la” yí mi kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lọ́jọ́ tí mo já wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìsọ fún un, ẹ ò ní gbàgbọ́: ó ti gbé fáànù lé e lórí! Àwọn nọ́ọ̀tì tó tú lára ẹ̀rọ wa wà nínú agolo mílíìkì lábẹ́ tábìlì. Mo di wọ́n sínú ìborí mi, mo gbé ẹ̀rọ wa, mo sì sunkún délé.

Ọjọ́ tí mo mú Bàbá lọ gba oògùn ojú ni nǹkan yí padà. À ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń dán rédíò wò, ni Bàbá bá dúró gbọn-in. “Ta ló ń tan rédíò yẹn? Ẹ pa á. Wáyà kan ti fẹ́ já nínú sípíkà rẹ̀.” Mo yára ń bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin náà, tí àwọn oníbàárà ń pè ní Ìyá Oníwáyà, ti ń tú sípíkà. Ó wo inú rẹ̀, ó wo Bàbá.

“Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n níparí ọ̀rọ̀.”

Lọ́jọ́ kejì la gbé tiwa lọ. Ó pààrọ̀ èyí, ó pààrọ̀ tọ̀hún. Ẹ̀rọ náà tanná, ṣùgbọ́n ó kàn ń kùn bí oyin ni. Nígbà tó di ọ̀sán, Ìyá Oníwáyà káwọ́ lérí: “Ẹ má bínú, Bàbá. Ó ti sú mi.” Bàbá ní kó mú igi gbígbẹ tín-ín-rín, kó máa fi kan inú ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀, kí àwọn lè gbọ́ ibi tí ohùn rẹ̀ á ti yí padà. Bàbá tẹrí ba, wọ́n dijú, bí ẹni pé ojú náà ṣì ń ríran. Ó kàn án níhìn-ín, ó kàn án lọ́hùn-ún.

“Padà! Ibi tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn yẹn.”

Ó fi awò wo ibẹ̀, ó rí i pé ibi tí wọ́n ti fi òjé lẹ wáyà mọ́ra ti sán. Ó tún un lẹ̀. Orin bá bẹ̀rẹ̀, nínú sípíkà méjèèjì! Èmi ni mo ń sunkún. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń na ìka sí ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń bi ọmọ pé ibo lo lọ látàárọ̀.

Bí mo ṣe fẹ́ gbé e, Ìyá Oníwáyà ní ká dúró. Ẹ̀rọ mẹ́ta wà nílẹ̀ tí òun ò mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ wọn.” Méjì ti ń sọ̀rọ̀ ká tó kúrò níbẹ̀.

Láti oṣù tó kọjá, Bàbá ti ń lọ síbi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́! Wọ́n ti ní àga tiwọn ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Oníwáyà. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ṣeé tún ṣe o. Wọ́n gbọ́ ọ̀kan títí, wọ́n ní ó ti kú pátápátá. Mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n sì gbọ́wọ́ sókè sí mi: “Dúró ná, ọmọ mi, mo ní oníbàárà.”

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa àti gbogbo ilé. Bí ẹ bá sì ń bọ̀ wá kí Bàbá, ẹ má wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tàbí ọjọ́ Ẹtì. Ẹ ò ní bá wọn nílé.

Èmi ni tiyín tọkàntọkàn,
Àbíkẹ́yìn.