Ọ̀rọ̀ Ìdodo Táíwò àti Ìwé Orúkọ Ilé-Ẹ̀kọ́

Ilé Awóníyì,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Igbó-Ọrà.
Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kìíní, 1972.

Akọ̀wé,
Ìgbìmọ̀ Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
Erúwà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá mi,

TÁÍWÒ AWÓNÍYÌ, ỌMỌ ỌDÚN MẸ́FÀ, TÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ KỌ̀ NÍTORÍ ÌDODO RẸ̀

1. Èmi ni ìyá Táíwò àti Kẹ́hìndé Awóníyì, ìbejì ọkùnrin tí mo bí ní ìlú yìí ní oṣù kẹwàá ọdún 1965. N kì í ṣe ẹni tí ń kọ ìwé ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n bàbá wọn ṣì wà ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ohùn tèmi kì í sì í ròkè tó ní ọ́fíìsì. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

2. Àwọn ọmọ náà jọra tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ilé ìgbẹ̀bí fi wá àmì kọ sínú ìwé ìbí wọn nígbà tí wọ́n pé oṣù mẹ́ta. Ó kọ ọ́ pé ìdodo Táíwò yọ gọ́ńgọ́, ti Kẹ́hìndé sì pẹlẹbẹ. Òótọ́ ni. Ìdodo Táíwò nígbà náà tó ẹyin ẹyẹlé. Ìyá ọkọ mi, Màmá Rebecca, a máa fi í yangàn; wọ́n ní ọmọ tó ní irú rẹ̀ kò lè sọnù lọ́jà.

3. Nígbà tí a lọ bá bàbá wọn ní Leeds, dókítà kan wo Táíwò, ó ní ihò kan wà lẹ́yìn ìdodo náà. Ó ní kí a jẹ́ kí wọ́n tì í wọlé, kí wọ́n sì rán ihò náà kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú sí gbólóhùn yìí: nítorí ilé-ẹ̀kọ́ ni a ṣe ṣe é.

4. Oṣù kẹta ọdún 1970 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n ní Táíwò kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan oúnjẹ. Kẹ́hìndé náà kò jẹun. Nọ́ọ̀sì so ìdè olórúkọ mọ́ Táíwò lọ́rùn ọwọ́. Kẹ́hìndé na ọwọ́ tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó so ọ̀kan mọ́ òun náà. Èmi nìkan ni mo rí i pé orúkọ Táíwò ló wà lára méjèèjì. Mo já ti Kẹ́hìndé kúrò kíákíá. Ká ní mo ṣẹ́jú ni, ìdodo tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ni wọn ì bá rán lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ti Táíwò lọ lórí ibùsùn onítáyà, wọ́n ní kí n jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka bíríkì ara ògiri. Mo ti ka igba ó lé mẹ́rìnlá nígbà tí wọ́n gbé e jáde. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí nígbà tó lajú ni pé, “Ṣé wọ́n ti ṣe ti Kẹ́hìndé?” Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ìdodo méjì ni mo ń lẹ bándéèjì mọ́. Ọmọ Ìbàràpá ni yín, ẹ mọ̀ pé a kì í ṣe nǹkan fún ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀.

5. Oṣù kọkànlá tó kọjá ni èmi àti àwọn ọmọ padà wálé. Màmá Rebecca gbé ẹ̀wù Táíwò sókè, wọ́n pariwo: “Ìyàwó, ta lẹ fi ìdodo ọmọ mi ta lọ́rẹ?” Mo ṣàlàyé pé ẹnikẹ́ni kò gé e, pé inú ló wà. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé inú ló wà, kò burú. Títí dòní, àràárọ̀ ni wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò tíì lọ.

6. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí, mo mú àwọn méjèèjì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò wa. Ìlú wa kún fún ìbejì. Láti ìgbà tí Kẹ́hìndé kan ti ṣe ìdánwò fún Táíwò rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ti fi í ṣòfin pé kí àmì ara ìbejì kọ̀ọ̀kan bá ìwé ìbí mu kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀. N kò bá òfin náà jà. Ọ̀gbẹ́ni Sàláúdéènì, tíṣà tí ń gba ọmọ wọlé, wo ìdodo kìíní, wọ́n wo èkejì, wọ́n wo ìwé. Wọ́n ní, “Ìyá Ìbejì, ọmọ yìí jọ Táíwò, n ò jiyàn. Àmọ́ Kẹ́hìndé méjì lẹ mú wá.”

Mo fi àpá hàn wọ́n. Wọ́n ní àpá kò sí nínú ìwé ìbí. Mo fa lẹ́tà dókítà yọ. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn: “Òǹtẹ̀ dà? Ìwé tí ò ní òǹtẹ̀, ìwé olólùfẹ́ ni. Ẹ lọ mú ọlọ́gọ́ńgọ́ wá.” Gbogbo àwọn ìyá tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa èmi náà, kó tó di pé mo rí ojú Táíwò. Wọ́n kọ orúkọ Kẹ́hìndé, wọ́n sì pa ìwé dé.

7. Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí, ọjọ́ kẹtàdínlógún, mo ní kí Kẹ́hìndé ka ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ó ka A, B, D, ó dákẹ́. Táíwò, tí kò sí nílé-ẹ̀kọ́, gbà á lẹ́nu rẹ̀: E, Ẹ, F. Mo bi wọ́n léèrè. Kẹ́hìndé, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ló ṣètò rẹ̀: òun lọ lónìí, àbúrò rẹ̀ lọ lọ́la, wọ́n sì ń jẹ́ Kẹ́hìndé méjèèjì. Màmá Rebecca ló ń sin ẹni tó bá kàn lọ, èmi a ti wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n ní àwọn kò kíyè sí i. Ẹni tí ń tẹ ìdodo wò ní àràárọ̀!

Nípa bẹ́ẹ̀, òfin tí wọ́n ṣe kí ìbejì kan má baà jókòó fún èkejì ti kọ́ àwọn tèmi bí a ti ń ṣe é. Bó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan kò ní lè kọ̀wé láìjẹ́ pé èkejì wà nítòsí.

8. Mo gbọ́ pé ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ni ìwé orúkọ yóò kúrò nílé-ẹ̀kọ́. Bí ó bá lọ láìsí Táíwò, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún ilé-ẹ̀kọ́ láṣẹ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ àmì tuntun sí i: àpá kan nísàlẹ̀ ìdodo, tó tẹ̀ bí ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló ní in. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má na Kẹ́hìndé. Ìjókòó rẹ̀ ló yá àbúrò rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Sàláúdéènì kò sì ṣe mí níbi. Ìwé ni wọ́n gbà gbọ́.

9. Ní àná, Táíwò bi mí pé, “Màámi, ṣé ká kọ̀wé sí òyìnbó yẹn kó fa ìdodo mi jáde padà?” Mo ní rárá, ẹlòmíràn ni mo fẹ́ kọ̀wé sí. Ìwé náà ló wà lọ́wọ́ yín yìí.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ ṣeun.

Èmi ni tiyín, tí ń retí èsì,

Adétóyìn Awóníyì (Ìyáàfin),
Ìyá Ìbejì.

Mo fi lẹ́tà dókítà àti ìdè ọwọ́ olórúkọ méjèèjì há inú ìwé yìí. Èyí tí mo já ni ti Kẹ́hìndé.