Ẹ̀rọ Tó Ń Gbọ́ Ẹkún Firdaus: Ẹ Dá A Padà

Ṣọ́ọ̀bù Atúnrédíòṣe,
Ẹ̀gbẹ́ Mọ́ṣáláṣí, Samandin,
Ouagadougou.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kejì, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìdíje "Àlòkù Di Ọ̀tun",
Zone du Bois,
Ouagadougou.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa Alága,

ÌFISÙN LÓRÍ BÍ WỌ́N ṢE LÉ MI KÚRÒ NÍNÚ ÌDÍJE ÀLÒKÙ NÍTORÍ PÉ MO LO ÀLÒKÙ, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ Ẹ̀RỌ MI PADÀ

1. Èmi ni Bàlíkíìsì Abdullateef. Zangouettin ni bàbá mi ti ta ohun-èlò rédíò kí wọ́n tó wó àdúgbò náà. Samandin ni èmi ti ń tún rédíò àti fóònù ṣe láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Mo forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje yín nítorí pé ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri ìgboro sọ pé: "Kí gbogbo ohun tí ẹ ó fi ṣe é jẹ́ àlòkù." Mo gbà yín gbọ́. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn.

2. Agathe, ìyàwó Síkírù àbúrò mi, kì í gbọ́ràn. Àìsàn ló dí i létí nígbà tó wà ní kékeré. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, ó ń fọ aṣọ ní àgbàlá, ọmọ rẹ̀ Firdaus, ọmọ oṣù mẹ́rin, sì wà nínú yàrá. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wé mọ́ ọmọ náà lọ́rùn. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Èmi tí mo kàn yà kí wọn ni mo gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo gbé ọmọ náà jáde, Agathe rẹ́rìn-ín sí mi. Ó rò pé mo ń bá ọmọ náà ṣeré ni. N kò tíì gbàgbé ẹ̀rín yẹn.

3. Ìdí nìyí tí mo fi to ẹ̀rọ kan pọ̀. Ohun tó fi ń gbọ́ràn wá láti ara rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tó ti kú. Iná rẹ̀ jẹ́ iná tí mọ́tò fi ń yà. Ohun tó ń gbọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí ìyá jáde láti inú fóònù tí omi bà jẹ́. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ ti kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti jù nù. Bí ọmọ bá ké, iná á máa ṣẹ́jú, ìrọ̀rí á sì máa gbọ̀n. Agathe ti lò ó fún oṣù méjì gbáko kí n tó yá a lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ kan péré, ọjọ́ ìdíje yín.

4. Ní Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù yìí, Ìyáàfin Monique, olórí àwọn adájọ́, wọ ìbọ̀wọ́ kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́ mi. Ó ní, "Èyí jọ ohun tí wọ́n ṣà nínú ààtàn." Mo dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Madame, inú ààtàn ni mo ti ṣà á." Mo rò pé ó ń yìn mí ni, mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé barka. Òdo ni máàkì tó kọ fún mi lábẹ́ ẹwà. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìwé-ẹ̀rí pé ohun-èlò kọ̀ọ̀kan ti kú lóòótọ́. Ẹ̀yin Ọ̀gá, gbogbo ọdún tí mo ti lò nídìí iṣẹ́ yìí, n kò tíì rí rédíò tí ẹbí rẹ̀ lọ gba ìwé-ẹ̀rí ikú fún. Wọ́n sì fagi lé orúkọ mi.

5. Ọ̀gbẹ́ni Fàtáì ló gba ipò kìíní. Àtùpà tó ń tàn bí èèyàn bá pàtẹ́wọ́ ló gbé wá. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé-iṣẹ́ ṣì ń dán lára rẹ̀. Mo nawọ́, mo béèrè ibi tí àlòkù wà níbẹ̀. Ìyáàfin Monique ní, "Ó ti tú u jáde nínú páálí. Ohun tí a bá ti tú jáde nínú páálí ti di àlòkù, d'accord, ṣé ó yé yín?" Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún ọgbọ́n ńlá yìí. Àtùpà náà tàn, ó kú, ó tàn, ó kú, títí ó fi kú pátápátá. Ìgbà yẹn ni èmi náà gbà pé àlòkù ni.

6. Bí àtùpà ṣe kú tán ni Firdaus ké lórí ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀ fún un lẹ́yìn tábìlì mi. Agathe wà ní ìjókòó iwájú. Kò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó rí iná ẹ̀rọ mi tó ń ṣẹ́jú. Ó dìde lójú gbogbo èèyàn, ó lọ gbé ọmọ rẹ̀. Ìyáàfin Monique ní, "Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn, ó ń dí ètò lọ́wọ́."

7. Akọ̀wé yín, Audrey, ní kí n fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún àfihàn ọjọ́ méjì. Ọjọ́ mẹ́wàá rèé. Ó wà nínú àpótí onígíláàsì ní bùréò yín níbi tí Audrey ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé: "Àpẹẹrẹ iṣẹ́ tí kò bá ìlànà mu." Mo pè yín nígbà mẹ́fà, ẹnikẹ́ni kò gbé tẹlifóònù. Ní ọjọ́ Ẹtì, Audrey pè mí pé kí n wá pa ẹ̀rọ náà, nítorí ó ń ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà tí tẹlifóònù bá dún. Ó jọ pé ẹ̀rọ mi nìkan ló ń dá tẹlifóònù lóhùn níbẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ní mo lè pa á, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ gbé e lọ. Mo fi í sílẹ̀ kó máa ṣẹ́jú. Mo ti ń wá ohun-èlò tí mo lè fi ṣe òmíràn, n kò tíì rí i. Láti ọjọ́ ìdíje, Agathe kì í sọ ọmọ kalẹ̀ mọ́. Ó ń dáná pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn. Bó bá sì dùbúlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á wà láyà ọmọ, kò ní lè sùn dáadáa.

8. Ìwé yín tún béèrè àbá fún ọdún tó ń bọ̀. Kí olùdíje kọ̀ọ̀kan mú ìṣòro kan wá láti ilé ara rẹ̀: ẹ̀rọ tó máa ké bí omi ẹ̀rọ bá dé, àtùpà tí a fi bátìrì kọ̀ǹpútà tó kú ṣe, fún ìgbà tí iná bá lọ, fáànù fún kíláàsì tí ọmọ kún. Kí ẹ sì fi atúnrédíòṣe kan sáàárín àwọn adájọ́. Ìbọ̀wọ́ kò pọn dandan.

9. N kò béèrè ipò kìíní. Kí Ọ̀gbẹ́ni Fàtáì mú un, tòun ti ọ̀rá rẹ̀. Ẹ̀rọ mi ni mo fẹ́. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù yìí, Agathe yóò wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà bùréò yín láti aago mẹ́jọ àárọ̀, òun àti Firdaus. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé e fún un. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ sọ fún un pé kó padà wá lọ́la. Kò ní gbọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, olùdíje tí ẹ fagi lé,
Bàlíkíìsì Abdullateef,
Atúnrédíòṣe, Samandin.