Omidan Tó Ń Bá Ọkọ Mi Wo Ẹ̀kán Omi

Ẹ̀gbọ́n mi Àìṣát,

Ẹ kú ilé o. Mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí àwọn ọmọ náà ní Kánò. Ara wa le, alihamdulilahi. Ilé tí a gbà ní Ìtẹ̀lé tù wá lára. Oṣù méjì péré nílé ọkọ, mo ti sanra, ayọ̀ mi ò ṣe é fẹnu sọ.

Ṣùgbọ́n mo ń jowú. Ní yàrá ìwádìí tí Mùsílíù ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà, gíláàsì pẹlẹbẹ kan wà tí ihò inú rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Omi ń gba àárín, òróró ń ti ọ̀tún àtòsì fún un lọ́rùn, títí yóò fi já sí ẹ̀kán wẹ́wẹ́ tó dọ́gba. Bí òróró bá yára sí i, ẹ̀kán á tún kéré sí i. Òun àti omidan kan, Tóyọ̀sí, ló jọ ń wò ó látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Lánàá, ó ń jẹun, ó ní, "Ọwọ́ Tóyọ̀sí kì í gbọ̀n."

Mo ní, "Ṣé òun ló se ọbẹ̀ yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín.

Wọ́n ń wá ẹnìkan kún wọn níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́wàá tí mo kà ṣì wà nínú àpótí yín, ẹ tètè fi ránṣẹ́. Ẹ má sọ fún Màmá.

Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín pín ọkọ yín.

Àbúrò yín,
Àdìzát