Àwọn Ṣọ́jà Òjé Tí Mo Fọ̀

Òkè-Ọjà,
Ìgbàrà-Odò, Èkìtì.
Ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá, 1975.

Olúyínká Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ilé tí o ń gbé ní Ṣógúnlé, mo kí òrùlé rẹ̀ tó ń jò. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun kí o tó lọ sí ọ́fíìsì tí ẹ ti ń ya àwòrán ọ̀nà? Ọlọ́run tó ń mú ọ la àárín èrò Bọ́ládé já láràárọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀ kò ní gbàgbé rẹ. Àwa náà wà. Ewúrẹ́ ti bímọ méjì, akọ kan, abo kan. Kòkó ọdún yìí dára, àmọ́ àwọn tó yẹ kó já a ti lọ ru sìmẹ́ńtì ní ebúté Èkó, owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kòkó kò lè san án lọ́sẹ̀ kan. Èmi àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ là ń já a.

Lẹ́tà rẹ dé lánàá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró, ìgbà kẹta ni mo wá àga jókòó. Àjàní, má tíì bínú, jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Mísbáù dẹ́rẹ́bà gbé àpótí rẹ dé lóṣù tó kọjá, ìwé tí o fi sórí rẹ̀ sọ pé òjò ń kán sí yàrá rẹ, kí n bá ọ gbé ẹrù náà pamọ́ títí òyìnbó ọ̀gá rẹ tí ẹ jọ ni ín yóò fi ti ìlú wọn dé, kí n má sì jẹ́ kí eruku kàn án. Mo ṣí i. Mo bá ṣọ́jà òjé mẹ́rìnlélógún, wọn kò ga tó ìka mi tó kéré jù, àti ọkọ̀ ogun mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba inú àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo wọn ló yí ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ àwọn ṣọ́jà títí dé orúnkún, eruku bo àṣíborí wọn, ẹsẹ̀ irin àwọn ọkọ̀ sì ti dípẹtà. Mo pe Mísbáù, mo ní ẹrẹ̀ wo ló gbé ẹrù ọmọ mi gbà. Ó búra pé ẹ̀gbẹ́ òun gan-an ló wà láti Bọ́ládé. Mo ní ẹnu tó fi jẹ ewúrẹ́ mi nígbà iléyá ló tún fi ń purọ́ fún mi. Mo gba àádọ́ta kọ́bọ̀ padà nínú owó ẹrù.

Ìyẹn nìkan kọ́. Aṣọ wọn, ibì kan àwọ̀ ewé, ibì kan pupa rúsúrúsú, ibì kan dúdú. Mo ní ó ṣe, ọ̀dà ló tán lọ́wọ́ ọmọ mi, ó wá ń fi èyí tó ṣẹ́ kù ní ìsàlẹ̀ agolo lẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń lẹ ṣòkòtò oko. Ojú tì mí. Gbogbo ayé ń gba owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù, wọ́n ń fi ra rédíò, òyìnbó á wá rí i pé ọmọ èmi Ìyá Akin kò rówó ra ọ̀dà kan ṣoṣo.

Ni mo bá da kẹrosíìnì sí abọ́, mo fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe máa ń wẹ̀ fún ìwọ náà tí o bá ti ibi bọ́ọ̀lù dé. Gbogbo rẹ̀ bọ́. Mo ra ọ̀dà àwọ̀ ewé lọ́wọ́ kápẹ́ńtà tó ń kun fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, náírà kan àti ogún kọ́bọ̀, náírà méjì ló kọ́kọ́ pè é. Mo kun àwọn ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ń dán; ọ̀dà kò kárí àwọn ṣọ́jà. Mo pe Lucy, tíṣà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa, kó wá wò wọ́n. Ó wò wọ́n títí, ó ní Ìyá Akin, wọ́n jọ fèrèsé. Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Àfi ìgbà tí lẹ́tà rẹ dé, tí o ní òyìnbó máa dé níparí oṣù, kí n rọra gbé wọn, torí ẹrẹ̀ yẹn, ìwọ lo fi búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta kùn ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìpẹtà yẹn, ìwọ lo yà á, àti pé ṣọ́jà tó bá wọ àwọ̀ kan ṣoṣo nínú igbó, ọ̀tá á tètè rí i. Àjàní, ta ní í fi owó ra ẹrẹ̀? Ẹrẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé wa, ọ̀fẹ́ ni.

O tún ní lọ́jọ́ Sátidé, ìwọ àti òyìnbó yìí á tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ẹ ó to ọmọ ogun sápá ọ̀tún àti sápá òsì, ẹ ó fi rúlà wọn ibi tí wọ́n máa rìn dé, ẹ ó ju dáìsì bíi ti lúdò kí ẹ fi mọ ẹni tó kú, tó bá parí, ẹ ó kó òkú àti alààyè padà sínú àpótí kan náà, ẹ ó mu tíì. Mo rò ó títí nínú oko. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, kí ló dé tí ẹ kò fi tábìlì yìí han àwọn ọ̀gá ṣọ́jà lọ́dún 1967? Tábìlì ìrókò tó dára kò ju náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ká ní wọ́n ní ká dáwó, ìlú yìí nìkan ì bá ra méjì.

Kì í ṣe ọ̀dà ló ń dùn mí. Lẹ́yìn tí mo ka lẹ́tà rẹ, mo da àwọn ṣọ́jà sórí ẹní kí n kà wọ́n. Ọ̀kan dojú bolẹ̀. Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo rí ibi tí o fi abẹ́rẹ́ ha orúkọ sí: Akínbọ̀wálé. Nọ́mbà ni àwọn yòókù ní. Mo yí ẹ̀gbọ́n rẹ sókè kí n wojú rẹ̀. Kò lójú. Òjé lásán ni. Èmi ni mo fọ̀ ọ́.

Mo wá rántí pé nígbà tí mo ń fọ̀ ọ́, mo rí ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́bàá ojú, mo ní ìdọ̀tí wo ló le báyìí. Àpá àdá ni, Àjàní, èyí tó gbà níbi tí a ti ń la kòkó. Èékánná mi ni mo fi ha á kúrò. Ọdún mẹ́jọ ni mi ò ti rí ojú yẹn. Fọ́tò kan ṣoṣo tó yà nínú aṣọ ṣọ́jà, ikán ti jẹ ẹ́. Ó wá délé nínú àpótí, ó wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó fẹ́ lọ sógun, bàbá yín kọ̀, o mọ̀. Èmi ni mo ṣírò owó oṣù ṣọ́jà, mo fi wé owó kòkó, mo ní kó máa lọ.

Jọ̀wọ́, fi náírà márùn-ún rán Mísbáù. Mẹ́rin jẹ́ owó ọkọ̀ mi dé Bọ́ládé, kan fún agolo ọ̀dà kékeré tó ní àwọ̀ ara ènìyàn, tiwa o, kì í ṣe ti òyìnbó. Mo ti dá àádọ́ta kọ́bọ̀ Mísbáù padà, mo bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ti gbàgbé, irọ́ ni. Sọ fún òyìnbó pé ìyá rẹ ló fọ àwọn yòókù. Tó bá ní a ó san án, ọmọ ewúrẹ́ méjèèjì wà níbẹ̀. Mo tu irun mẹ́ta lára ìyá wọn, bóyá ó lè wúlò fún búrọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, èmi fúnra mi ni n óò gbé e wá. Mo ti fi òwú wé e, ó wà nínú agolo mílíìkì. Má mú búrọ́ọ̀ṣì kí n tó dé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ́ nígbà tó lọ, o kò lè rántí dáadáa. Ojú ọ̀tún lo fi àpá náà sí. Òsì ni. Èmi ni mo fọwọ́ dí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ọlọ́run tó mọ ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má jẹ́ kí tìrẹ pòórá mọ́ mi lọ́wọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adéfúnmiláyọ̀, Ìyá Akin.