Ìwé Ilé Bàbá Rẹ ní Etí Òkun

Èjìgbò,
Ọjọ́bọ̀.

Qàwíyyàt, ọmọ mi àtàtà,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ìwọ àti àwọn ọmọ gbé. Ara tèmi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ọjọ́ Àìkú ni ọkọ rẹ, Nùrúdíìnì, ti Àbíjáàn dé. Ó ní òkun ti gbé ilé ìdáná yín lọ, pé bí omi bá ti kún báyìí, inú yàrá yín lomi ń sùn sí. Ó ní ìjọba fẹ́ kó gbogbo àdúgbò yín lọ sí ibi tó jìnnà sí omi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìwé ilé lọ́wọ́ nìkan ni wọn yóò fún ní ilé níbẹ̀. Ó wá ń bèèrè ìwé ilé tí bàbá rẹ kọ́ síbẹ̀ kó tó kú.

Ọmọ mi, ara fu mí. Kí ló dé tí o kò fi pè mí? Kí ló dé tí nọ́ńbà rẹ kò wọlé láti ọjọ́ mẹ́rin? Mo rántí àbúrò mi obìnrin, tí ọkọ rẹ̀ gba ìwé ilé lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ni mo bá purọ́. Mo ní ikán ti jẹ ìwé náà. Ọkọ rẹ wò mí títí, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá a dáadáa. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò parí orúkọ kíkọ.”

Nígbà tó lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Màsífà, mo ṣí báàgì rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò dára. Mo bá fọ́ọ̀mù kan níbẹ̀, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo gbé e tọ Àìṣát lọ, ọmọ aládùúgbò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ yín dé, mo ní kó kà á fún mi, kó má fo ìlà kankan. Níbi orúkọ onílé, orúkọ tìrẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní kó tún un kà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni Nùrúdíìnì kọ ara rẹ̀ sí, mọ́ àwọn tí yóò máa bá ọ gbé.

Nígbà tó dé, ó bá ìwé ilé lórí tábìlì. Kò bi mí bí ikán ṣe bì í jáde. Ó kàn sọ pé, “Ẹ ṣeun, Màmá. Fóònù ìyàwó mi bọ́ sómi ni. Òun ló ní kí n wá bá yín.” Ojú tì mí. Mo gúnyán fún un, òkèlè mẹ́ta péré ló jẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tó wọkọ̀ láàárọ̀ àná. Ó ní kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo mọ ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn. Bá mi tún bẹ̀ ẹ́. Jamaldeen awakọ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí rán sí ọ; mo ti lẹ̀ ẹ́ pa.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí omi lé yín dé ibi tí ẹ ń lọ. Kí ó fún yín ní ilé tí ọmọ ọmọ yín yóò dàgbà sí.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ,
Bàrákátù.

Àfikún: Mo ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé náà kí n tó fún un. Má sọ fún un o. Ó sì ku ìjọba tí n kò tíì fọkàn tán: ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ti fojú rí ilé tuntun náà? Ẹ lọ wò ó, ẹ fọwọ́ kan ògiri rẹ̀, kí ẹ tó kẹ́rù.