Ojú Tí Lorna Fi Wo Ọmọ-ọ̀dọ̀

                                        7, Chapel Lane,
                                        Thornley Bank,
                                        lẹ́bàá Halifax,
                                        Yorkshire.
                                        12 Oṣù Kọkànlá, 1979.

Wilf, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Doris ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti gbà á láyè láti máa rìn létí òkun? Afẹ́fẹ́ Scarborough yẹn, ẹ má jẹ́ kó gbé yín lọ o. Èmi ṣì le koko. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gun àkàbà lọ tún òrùlé ara mi ṣe, tèmi tọjọ́ orí mi, àwọn ọ̀dọ́ sì dúró nísàlẹ̀, wọ́n lanu sílẹ̀. O mọ̀ mí. Kékeré ni mo fi ilé ìwé sílẹ̀, síbẹ̀ kò sí ilé gidi kan láti ibí dé Huddersfield tí ọwọ́ mi kò kan òrùlé rẹ̀. Má wo bí mo ṣe ń kọ̀wé, wo àwọn ilé tí kò jò.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, Wilf, ìdí tí mo fi mú kálàmù nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń wo eré ayé àtijọ́ tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. O mọ̀ pé Lorna, ọmọ ọmọ mi, ló ń ṣe Lédì Oldacre. Nínú gbogbo èèyàn burúkú tó kún ilé ńlá inú eré yẹn, òun ni mo kórìíra jù. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, ọ̀mùtí lásán ni, èèyàn lè ṣàánú rẹ̀. Àlùfáà tó ń jẹ ẹran wọn tí kì í bá wọn wí, a ti bo òrùlé irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n Lédì yẹn kì í pariwo, kì í bú èèyàn. Yóò kàn gbé ojú sókè, yóò wò ọ́ bí ẹni pé o ti kú. Lọ́jọ́ tó lé ọmọ-ọ̀dọ̀ olóyún sínú yìnyín, ojú yẹn nìkan ló fi lé e. Mo ju bàtà ilé mi lu tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó rántí pé ọmọ ọmọ mi ni mo sọ bàtà lù.

Láti ọjọ́ náà ni ìlú ti yí padà sí wa. Edna, ìyàwó oníbúrẹ́dì, bi mí lójú gbogbo oníbàárà pé, "Enoch, kí lẹ fi bọ́ ọmọ yẹn tó fi mọ ìkà ṣe báyìí?" Àwọn ìyá ilé ìsìn ní ohun tí kò sí nínú ẹni, ẹni ò lè fi hàn. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti pe Lorna kó wá ṣí ọjà Kérésìmesì ilé ìsìn wa ní Sátidé tó kọjá. Mo ń rò ó pé bí wọ́n bá dójú tì í níbẹ̀, kò ní padà wálé mọ́. Ìyá rẹ̀ ti kú, èmi nìkan ni ilé tó kù fún un, òun nìkan ló sì kù fún mi. Nígbà tó dé, tó gbé ojú sókè lórí ife tíì nílé mi, Lédì yẹn ni mo rí. Ọmọ tí mo fi èjìká gbé.

Nígbà tí ọjọ́ pé, a wọ gbọ̀ngàn ilé ìsìn. Gbogbo orí yí sí wa. Lorna na ife sí Edna tó wà nídìí ìkòkò tíì, Edna sì káwọ́ gbera. Ó ní, "Lédì kankan kì í gba iwájú níbí. Lọ tò sẹ́yìn, jàre." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lorna kàn rọra gbé ojú yẹn sókè, ó fi wo Edna látòkè délẹ̀, ó wá fi wo kéèkì rẹ̀.

Wilf, ilé dàrú. Ẹnìkan hó "Búù" látẹ̀yìn, bí a ṣe máa ń hó lé ìkà inú eré Kérésìmesì, tàgbà tèwe sì gbà á, wọ́n ń hó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Edna rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Áà, ojú yẹn. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, mi ò sì mọ ohun tí mo ṣe." Kéèkì tó gé fún Lorna tóbi ju ti àlùfáà wa lọ.

Ọkàn mi balẹ̀. Ó yẹ kí lẹ́tà yìí parí síbẹ̀. Àfi bí Clifford, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ṣe dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn, ṣé mi ò mọ ojú yẹn ni? Ojú tí ọ̀gá Enoch fi ń wo òkúta pẹlẹbẹ tí a fi ń bo òrùlé tí mo bá tò ó wọ́ nìyẹn. Ó kù díẹ̀ kí n tọ̀ sára lókè nígbà kan." Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí Lorna, kó bá mi sọ pé irọ́ ni. Ó fi ayọ̀ di apá mi mú, ó ní, "Bàbá àgbà, níbo lẹ rò pé mo ti rí i? Àwọn tó ń ṣe eré náà ní kí n wá ojú tó lè lé èèyàn jáde láìsọ̀rọ̀. Mi ò wá a jìnnà."

Ẹni bíni là á jọ, wọ́n ń wí, wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ fọ́nnu pé gbogbo England ló ń bẹ̀rù ojú mi. Ṣùgbọ́n lánàá, tí eré bẹ̀rẹ̀, tó gbé ojú náà sókè, mi ò ju bàtà. Mo jókòó, mo ń ro àwọn ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà mi, tí wọn kò padà síbi iṣẹ́ mọ́. Ọ̀lẹ ni mo máa ń pè wọ́n.

Ìwọ lo bá mi ṣiṣẹ́ pẹ́ jù, o kò sì bá mi jiyàn rí. Mo máa ń rò pé torí pé mo tọ̀nà ni. Kọ̀wé sí mi, Wilf, kí o sọ òótọ́, ṣé ojú yẹn ni kò jẹ́ kí o jiyàn? Má fi oyin sí i.

Bá mi kí Doris. Lorna ní kí n kí yín, òun ń bọ̀ wá ṣe Kérésìmesì lọ́dọ̀ mi.

Èmi ni ẹni tí o di àkàbà mú fún,
Enoch Greenhalgh